Bí Ọdẹ́ṣínà Ṣe Wọ Igbó Ìgbàgbé Nítorí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ẹ bá mi gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé wá, nítorí ìtàn tó wà lẹ́nu mi yìí, ẹni tó bá sọ ọ́ lórí ìdúró, orúnkún rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ mú ẹ̀pà dání, ẹ jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá dé ibi tó gbóná, ẹ̀pà yóò há ẹnìkan lọ́fun, wọn yóò sì ní èmi ni mo pa á. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi ṣọdẹ. Mo ti rí ẹkùn tó ń yán lójú oorun. Mo ti rí erè tó gbé ewúrẹ́ mì, tó tún ń wo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́ṣínà ọmọ Akínbọ̀dé ni, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìlú Àgọ́-Ìràwé, ẹni tó wọ Igbó Ìgbàgbé lọ́sàn-án gangan, tí orí rẹ̀ sì gbé e jáde.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, bàbá ìyàwó Ọdẹ́ṣínà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Bàbá Ọ̀jẹ̀labí ni à ń pè é, ó sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò sí odò, kò sí òkè, kò sí agboolé kan ní Àgọ́-Ìràwé tí bàbá yìí kò mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ àti ohun tó rí kó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogbó dé, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀ bí omi ṣe ń jò lára ìkòkò tó sán. Àárọ̀ nìkan ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń mọ́ gaara. Bí wọ́n bá ti gbé ògì fún un, yóò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ọkùnrin ogójì ọdún. Lẹ́yìn náà oorun yóò gbé e lọ, bó bá sì jí, yóò wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ lójú, yóò ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Mosúnmọ́lá ni ọmọ náà, ìyàwó Ọdẹ́ṣínà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti búra pé ọ̀rọ̀ bàbá òun kò ní bá bàbá òun wọlẹ̀. Àmọ́ aromọléegun ti mú ọwọ́ rẹ̀, kò lè di bírò mú pẹ́. Títẹ̀ ni ìka rẹ̀ ṣì lè tẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbójú lé kọ̀ǹpútà kan tó wà nílé wọn láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ẹ gbà mí o, kọ̀ǹpútà yẹn! Bí wọ́n bá tàn án, yóò kùn, yóò mí hẹlẹ, yóò dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe nínú yàrá. Kí ó tó ṣí ojú, Bàbá ti sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń hanrun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá gbé igbá ògì sílẹ̀, ó ní, "Mosún, ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe odò ẹ̀yìn ilé wa ní Má-Wẹ̀yìn?"

"Bàbá, ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Ó ti fẹ́ ṣí! Ẹ dúró!"

Bàbá dúró. Kọ̀ǹpútà ń kùn. Bàbá dúró títí, orí rẹ̀ rọra ṣubú sí èjìká. Nígbà tí ó jí, Mosúnmọ́lá bi í léèrè odò náà, ó ní, "Odò wo?" Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdẹ́ṣínà bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti gbé orí lé tábìlì, tó ń sunkún láìpariwo. Ọkùnrin tó ti dúró níwájú ẹfọ̀n tí kò mì, ẹkún yẹn mì ín.

Ó lọ pe Àṣàkẹ́ wá. Àṣàkẹ́ ni obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọjà wa, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́, kì í purọ́ fún oníbàárà. Ó yọ wáyà lára iná, ó tú ìdè ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú sí i, Mà. Kò ya ọ̀lẹ. Ìrántí rẹ̀ ni kò tó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní tábìlì bíńtín kan kó máa fi ṣiṣẹ́. Kí ó tó lè gbé ìwé kan kalẹ̀, àfi kí ó kọ́kọ́ ru òmíràn lọ sí yàrá. Ìrìn yẹn ló ń rẹ̀ ẹ́."

Ó fa pátákó pẹlẹbẹ kan yọ nínú rẹ̀, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Èyí ni ìrántí rẹ̀. Gíìgì kan péré ni òṣùwọ̀n rẹ̀."

Ọdẹ́ṣínà ní, "Ṣé kí a kúkú ra kọ̀ǹpútà tuntun ni?"

"Bàbá Ìdòwú, ẹ jẹ́ kí tuntun máa dán lọ́jà níbi tó wà. Owó rẹ̀ ju agbára yín lọ, èyí kò sì tíì kú. Ẹ wò ó, ojú ihò méjì ló ní. Ọ̀kan ṣófo láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Àkọlé ara rẹ̀ sọ pé gíìgì mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ lè gbà, méjì nínú ihò kan, méjì nínú èkejì. Ẹni tó bá ra jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un, ó da ọbẹ̀ sílẹ̀ ni. Irú rẹ̀ ló wá ṣòro. Wọn kò ṣe é mọ́. Mo ti wá a dé Ìlọrin, mo ti wá a dé Ìbàdàn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ibì kan ló kù. Ohunkóhun tí aráyé bá ti gbàgbé, Igbó Ìgbàgbé ló ń lọ. Àwọn iwin ibẹ̀ ló ń tà á."

Kí ó tó sọ ọ́ tán, Ọdẹ́ṣínà ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ti fi idà sí ìbàdí, ó ti kọjá àgbàlá. Mosúnmọ́lá ké tẹ̀ lé e.

"Bàbá Ìdòwú! Ṣé bàtà lẹ fẹ́ lọ rà fún ẹsẹ̀ tí ẹ kò wọ̀n?"

Ó padà, ojú tì í. Wọ́n fi aṣọ wé pátákó àtijọ́ náà, wọ́n fi sínú àpò rẹ̀. Àṣàkẹ́ fi hàn án pé àlàfo kékeré kan wà létí rẹ̀, bí ẹnu tí eyín kan yọ. "Ibi tí àlàfo yìí wà ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ti èyí tí wọ́n ń tà fún yín kò bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi wúrà bò ó, ẹ má gbà á. Ohun kan tún kù. Iná kan máa ń sá pamọ́ sára ènìyàn lákòókò ọyẹ́ yìí. Ẹ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó fọwọ́ kan ìrántí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná yẹn á pa á."

"Irin?" Ọdẹ́ṣínà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ò ń kọ́ ní irin? Èmi tí irin ń kí láàárọ̀!"

Ẹ má bi mí bí ó ṣe rìn. Ọ̀nà tí ọdẹ gbà, ẹsẹ̀ ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Kí ẹ ṣáà gbà pé oòrùn wà ní àtàrí nígbà tó dé ẹnu Igbó Ìgbàgbé, tó sì bá iwin kan tó jókòó lórí òkìtì kọ́kọ́rọ́. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ti wá tì nílé yín ni! Ojú iwin náà wà ní ìpàkọ́, ẹ̀yìn ló kọ sí àlejò tó fi ń rí i. Fẹ́-É-Lọ ni orúkọ rẹ̀. Kò kí ọdẹ, kò bá a jà. Ó kàn fẹ́ atẹ́gùn lù ú, fùùù!

Bí atẹ́gùn ti kan Ọdẹ́ṣínà, ohun tó wá rà fò kúrò lórí rẹ̀.

"Ọdẹ, kí lo wá wá?"

Ó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Òógùn bò ó. Ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó jókòó sábẹ́ igi, tí wọ́n ń họ orí, tí wọ́n ń sọ pé, "Ó wà lẹ́nu mi... ó wà lẹ́nu mi." Àwọn tó gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà nìyẹn o, wọn kò lè wọlé, wọn kò lè padà! Ẹ̀rù ba Ọdẹ́ṣínà. Ọwọ́ rẹ̀ wá kan nǹkan líle nínú àpò. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin idà rẹ̀ bí Àṣàkẹ́ ti wí, lẹ́yìn náà ló fa nǹkan náà yọ, ó nà án sí iwin.

"N kò mọ orúkọ rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ ni mò ń wá!"

Fẹ́-É-Lọ rẹ́rìn-ín, àwọn kọ́kọ́rọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó mú àpẹẹrẹ dání kò sọnù. Wọlé."

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni Ìlú Ó-Jù-Wọ́n-Lọ. Háà! Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Gbogbo ohun tó wà ní ìlú yẹn ló tóbi ju ibi tó wà lọ. Ọkùnrin kan dé fìlà tó bò ó dé orúnkún, ó ń ṣubú, ó ń ṣògo. Wọ́n ra ilẹ̀kùn tó ju ilé lọ, wọ́n gbé e ti ògiri, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní àárín ọjà wọn ni arẹwà iwin kan jókòó sí, Ojú-Wúrà, tí ẹyinjú rẹ̀ ń kọ mànà bí ìgbà tí oòrùn bá bọ́ sínú omi. Àwọn ìrántí tó tẹ́ síwájú ń tan iná pupa, iná aró, iná bí ewé tuntun, wọ́n ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọdẹ ńlá," ni Ojú-Wúrà wí, "gíìgì méjìlélọ́gbọ̀n nìyí. Bí ìyàwó rẹ bá fi èyí sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó tó ronú ni yóò ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Inú Ọdẹ́ṣínà dùn dé góńgó. Ó ti ń rí ara rẹ̀ tó ń wọ ìlú, tí wọ́n ń yìnbọn kí i. Ó ní, "Èló ni?"

"Ìrántí la fi ń ra ìrántí níbí. Fún mi ní ọjọ́ tí ìyàwó rẹ kọ́kọ́ gbà fún ọ."

Ẹ̀yin ènìyàn, ọjọ́ yẹn! Abẹ́ igi ìyeyè, lẹ́yìn òjò, tí Mosúnmọ́lá wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, tó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ má tún un sọ kí ẹnu má bàa dùn yín." Ọdẹ́ṣínà fẹ́rẹ̀ẹ́ là ẹnu sọ pé ó gbà. Ẹ má bú u! Ohun tó ń dán máa ń fọ́ ojú àgbà pàápàá. Ṣùgbọ́n ohùn Àṣàkẹ́ dún létí rẹ̀. Ó fọwọ́ kan idà, ó gbé pátákó àtijọ́ ti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eyín tó yọ lẹ́nu ọ̀kan kọ́ ló yọ lẹ́nu èkejì.

"Kò dọ́gba."

"Ìwọ ṣáà tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọkùnrin ni ọ́!"

Ìgbà yẹn ló rí ohun tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti wọ́ nílẹ̀, tó ń tẹ ìrántí dídán bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń làágùn, ó ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀." Kò lè rántí ìyàwó, kò lè rántí ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ti fi sanwó. Ọdẹ́ṣínà fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, ó sì ta mọ́ ọ̀nà. Ojú-Wúrà ń bú u bọ̀ lẹ́yìn, ó ní, "Aláìní! Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ ni kí o lọ ṣà!"

Ó lọ ṣà á lóòótọ́. Ní ìpẹ̀kun igbó, ó bá òkìtì kan tó ga ju àràbà lọ: rédíò àtijọ́, àtùpà, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo ohun tí ayé lò tì. Ìyá àgbà iwin kan jókòó sí ìdí rẹ̀, ó ń fi aṣọ nu nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Ìyá Alákìtàn ni.

Ọdẹ́ṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Dìde, ọdẹ. Báwo ni ikùn kọ̀ǹpútà rẹ ti tó?"

"Mẹ́rin ni, Ìyá. Ihò méjì, méjì-méjì."

"Ó mọ̀ ọ́n!" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó wo inú kó tó jáde nílé."

Ó wo àlàfo pátákó àtijọ́, ó kó márùn-ún tó jọ ọ́ sílẹ̀, gíìgì méjì-méjì. Eruku bò wọ́n, ọ̀kan tilẹ̀ ní ìyẹ́ adìyẹ lára. "Àwọn tí wọ́n ti lò ni wọ́n. Òmíràn ti kú, kò sì tíì mọ̀. Sọ̀rọ̀ fún wọn kí o tó gbà wọ́n."

Ọdẹ́ṣínà fọwọ́ kan idà, ó mú ti àkọ́kọ́, ó ka orúkọ òkè méje tó yí Àgọ́-Ìràwé ká fún un. Ó ní kí ó dá a padà. Kẹ́kẹ́ pa. Òkú ni. Èkejì ka méje, àmọ́ ó fi òkè tí kò sí láyé sí àárín, ó tún fi ìdánilójú sọ ọ́! Ìyá Alákìtàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú nù. "Èyí tó ń parọ́ burú ju èyí tó kú lọ." Ẹ̀kẹta kà á pé pérépéré, wàràwàrà. Ẹ̀kẹrin náà kà á pé, ṣùgbọ́n ó ń fà á bí ẹni tó ń jẹ iṣu gbígbóná. Ẹ̀karùn-ún tún pé, ó yá bí ẹ̀kẹta.

Ìyá àgbà ní, "Mẹ́ta ló yè. Ajá àti ìgbín kì í jọ lé ẹran. Èwo ni wàá mú?"

Ọdẹ́ṣínà kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún! Àwọn méjì tí ẹsẹ̀ wọn dọ́gba!"

"Ọdẹ ni ọ́. Ó yá, sanwó. Ojú-Wúrà máa ń gba èyí tó ń mú ọ gbé ayé. Èmi, èyí tí o lè gbé ayé láìsí i ni mò ń gbà."

Ọdẹ́ṣínà jókòó sórí rédíò kan, ó ronú. Ọjọ́ tí wọ́n bí Ìdòwú ọmọ rẹ̀? Rárá. Ohùn ìyá rẹ̀? Kò ṣeé ṣe. Ó ronú títí ó fi kan ìtàn ẹfọ̀n Òkè Àgbàrá, bí òun nìkan ṣe pa ẹfọ̀n abìwo mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ, yóò ra òmíràn. Gba ìtàn ẹnu rẹ̀, kí ni yóò fi jókòó láàárín ẹgbẹ́? Ìgbà ogójì ni mo ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu rẹ̀, ìwo ẹfọ̀n yẹn sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún!

Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí kò ṣe sọ ọ́ rí. Ó fò, ó lúgọ, ó yìnbọn pẹ̀lú ẹnu. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, kì í padà mọ́. Ìyá Alákìtàn ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, Ọdẹ́ṣínà dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ lókè, ó ní, "Ìyá, kí ni mò ń ṣe báyìí?"

"O ti sanwó tán, ọmọ mi. Máa lọ ilé."

Ọ̀nà ilé kò rọ̀ o! Ojú-Wúrà ti rán Ẹ̀ta-Iná sí i, iwin tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì iná àìrí. Ewé gbígbẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn bó ti ń bọ̀, ta, ta, ta, ta! Irun orí Ọdẹ́ṣínà dìde ṣánṣán bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀ta-Iná na ìka sí àpò tí ìrántí méjèèjì wà. Bí ìka yẹn bá kàn án, òkú ni yóò gbé délé! Ọdẹ́ṣínà fa idà yọ, ó gún un mọ́lẹ̀ ṣáṣá títí ó fi wọlẹ̀ dé ìdajì, ó di èèkù rẹ̀ mú, ó sì na àyà sí iwin náà.

"Èmi ni kí o fọwọ́ kàn!"

Iná já wọ̀ ọ́ lára, gbààà! Ó gba apá rẹ̀ kọjá, ó gba idà wọlẹ̀, ilẹ̀ gbé e mì. Ohun tó kù lára Ẹ̀ta-Iná kò ju ewé gbígbẹ ìkúnwọ́ kan lọ. Ọdẹ́ṣínà dìde, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sá lọ sílé.

Kò tíì jókòó tí Àṣàkẹ́ fi dé. Ó yọ wáyà, ó fọwọ́ kan irin, ó fi ọ̀kan sí ihò àkọ́kọ́, káṣá! Ó fi ìkejì sí èkejì, káṣá! Mosúnmọ́lá di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń sọdá afárá. Àṣàkẹ́ tàn án. Kò kùn. Kò mí hẹlẹ. Ó ṣí ojú! Ariwo tí Mosúnmọ́lá pa lé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sọ́nà oko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ògì fún Bàbá Ọ̀jẹ̀labí. Kó tó gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì, kọ̀ǹpútà ti wà ní sẹpẹ́. Bàbá nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó sọ orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ dáná ní ìlú yìí, ó sọ ìdí tí ìdílé méjì kì í fi í jọ jẹ iṣu ewùrà. Ìka Mosúnmọ́lá ń tẹ̀, ń tẹ̀, kò dá ọwọ́ dúró. Ọdẹ́ṣínà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lé adìyẹ kí wọ́n má dún. Ìgbà tí Bàbá dákẹ́, ojú ìwé mẹ́sàn-án ló ti kún.

Oorun gbé Bàbá. Nígbà tó jí, ó wo ọmọ rẹ̀ bí àlejò. Mosúnmọ́lá kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ó ṣe ń kàwé fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní nígbà kan. Bàbá gbé orí sókè. Ó ń mi orí. Ibi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ibi tó yẹ kó kẹ́dùn, ó kẹ́dùn.

"Ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ o," ni Bàbá wí. "Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín sì rọra tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́.

"Èmi?" ó ní. "Háà, ó ṣeé ṣe. Máa kà á lọ."